Ìju tó jìn sínú ògiri ilé-ọmọ: ṣé a lè gba ihò kékeré yọ ọ́?

Àgbẹ̀bí_Òkè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń wá sí kílíníìkì, mo sì fẹ́ kí èsì rẹ̀ wà níbì kan tí a ó máa tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 33 tí kò tíì bímọ bí àpẹẹrẹ. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 26. Síkáànù ní ìju (fibroid) kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 8 wà nínú ògiri ẹ̀yìn ilé-ọmọ rẹ̀, kékeré méjì sì wà níwájú. Dókítà kan ní kó jẹ́ kí àwọn gba ihò kékeré lára ikùn, pẹ̀lú kámẹ́rà àti irin gígùn, yọ ọ́, èkejì ní àfi kí àwọn la ikùn. Ta ni kó gbọ́ tiẹ̀? Kí ni kó béèrè kó tó fọwọ́ sí ìwé?

Abẹ_Wẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Màámi Àgbẹ̀bí. Dókítà méjèèjì lè tọ̀nà. Ìju kan náà ni wọ́n jọ wò, ọwọ́ tí yóò rán ilé-ọmọ padà ló yàtọ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ihò, bẹ́ẹ̀ yíyọ ìju kọ́ ló le jù. Bí ìju tó tó sẹ̀ǹtímítà 8 bá jáde nínú ògiri, kòtò tó fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. A ní láti rán kòtò yẹn láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí àyè kankan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè fi irin gígùn rán an bẹ́ẹ̀ nínú ikùn tí kò là, kó gba ihò kékeré. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó la ikùn, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Èyí tó burú ni kí ènìyàn gba ihò kékeré wọlé, kó sì rán an gátagàta torí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ kòtò.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin yẹn máa bi dókítà nìyí: "Ìpele mélòó lẹ ó rán, irú òwú wo lẹ ó sì lò?" Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí déédéé á dáhùn láìronú.

Aláwòrán

Kí a tó dé orí rírán, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìju náà jókòó sí gan-an. "Ìju nínú ògiri" tí wọ́n kọ sínú èsì síkáànù yẹn kò tó. Láti 2011 ni FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà obìnrin, ti ń fi nọ́ńbà 0 sí 8 pín ìju. 0 ni èyí tó rọ̀ sínú ihò ilé-ọmọ bí èso. 1 àti 2 yọrí sínú ihò náà, ṣùgbọ́n apá kan wọn wà nínú ògiri. 3 wà nínú ògiri pátápátá, àmọ́ ara rẹ̀ kan awọ inú ilé-ọmọ. 4 kò kan inú, kò kan òde. 5 àti 6 ń tì jáde síta, 7 rọ̀ síta lórí igi tirẹ̀. 8 ni ti ọrùn ilé-ọmọ àti àwọn ibòmíràn.

Èyí ló ń pinnu ọ̀nà. 0, 1, àti 2 tí kò tóbi, ojú ara ni wọ́n ń gbà yọ wọn pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín, láìgún ikùn rárá. Bí ògiri tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìju náà kò bá tó mìlímítà 5, ọ̀nà ojú ara léwu, irin lè lu ilé-ọmọ já. Láti 3 lọ, inú ikùn ni a máa ń gbà. Ìju sẹ̀ǹtímítà 8 tí ẹ sọ yìí lè kan awọ inú kó sì tún ti ara òde jáde, nọ́ńbà méjì ni wọ́n sì máa kọ fún un, bíi 2-5.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta sínú èsì: iye mìlímítà láti ara ìju dé awọ inú, iye mìlímítà láti ara ìju dé ara òde, àti iye ìju lápapọ̀ pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí owó bá wà fún MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, níbí gan-an ló ti wúlò. Kì í ṣe torí ìju nìkan. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní adenomyosis, tó ń mú ògiri ilé-ọmọ wú bákan náà, síkáànù lásán sì lè pè é ní ìju. Ìju ní èèpo tó yà á kúrò lára ẹran ilé-ọmọ, adenomyosis kò ní. Dókítà tó bá gé e láìmọ̀ á máa wá èèpo tí kò sí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà.

Àgbẹ̀bí_Òkè

Ẹ ṣeun gan-an. PCV 26 ńkọ́? Ṣé a lè fi ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì?

Akunnilóorun

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ó bá di ọ̀ràn pàjáwìrì. Ìju kì í ṣe jẹjẹrẹ, oṣù méjì mẹ́ta wà níwájú wa láti tún ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ferrous sulphate 200 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kan fi ọjọ́ kan sílẹ̀, kí inú ṣófo, kí tíì àti mílíìkì sì jìnnà sí i torí wọn kì í jẹ́ kí ara gbà á. Bí nǹkan oṣù bá dẹwọ́, PCV lè gòkè bíi 3 sí 6 láàárín oṣù kan. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, abẹ́rẹ́ iron inú iṣan ló yá.

Abẹ́rẹ́ leuprolide 3.75 mg lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta ń dá nǹkan oṣù dúró, ó sì ń mú ìju súnkì. Ẹ sọ fún obìnrin náà pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i kó tó dáwọ́ dúró, kó má bàa sá. Ó ní àléébù tirẹ̀ tí Dókítà Abẹ_Wẹ́rẹ́ mọ̀ jù mí lọ.

Jínótáìpù ṣe pàtàkì níbí ju ibi púpọ̀ lọ. Gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sínú ikùn ni carbon dioxide. Ara ń fà á mu, ẹ̀jẹ̀ á sì kan díẹ̀, ìyẹn ni pé ásíìdì á pọ̀ nínú rẹ̀. Orí obìnrin náà á wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wà lókè, gáàsì á máa ti ẹ̀dọ̀fóró láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ mímí sì ní láti ṣiṣẹ́ kára kí carbon dioxide lè jáde. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ tutù, kò gbọ́dọ̀ gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kan jù: omi inú iṣan tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́, gáàsì tí agbára rẹ̀ kéré, àti oxygen tó pọ̀ tó títí dé wọ́dù. Fún ẹnikẹ́ni, ó kéré tán páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n ti bá tirẹ̀ dọ́gba gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara.

Abẹ_Wẹ́rẹ́

Àléébù leuprolide ni pé ó ń mú ìju rọ̀, ojú ààlà tó wà láàárín ìju àti èèpo rẹ̀ á sì ṣòro láti rí. Àwọn ìju kéékèèké tún lè súnkì débi pé a ò ní rí wọn, wọ́n á sì tún wú padà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dára, mi ò rò pé ó yẹ ká lò ó fún ìju kan ṣoṣo.

Ó yá, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí lórí ìju ẹ̀yìn yẹn.

Ìwọlé ló kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìdodo ni a sábà máa ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ọmọ bá ti ga dé ìdodo, tàbí tí àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ bá wà láàárín ikùn, abẹ́rẹ́ gáàsì lè gún ilé-ọmọ tàbí ìfun tó ti lẹ̀ mọ́ àpá. Nígbà náà, abẹ́ ìhà òsì ni ká gbà, sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀ egungun ìhà, ní ọ̀gangan orí ọmú. Kí wọ́n ti fi rọ́bà fa ohun tó wà nínú àpòlúkù jáde láti ẹnu ṣáájú, torí pé àpòlúkù tó wú máa ń jókòó síbẹ̀ gan-an.

Nígbà tí a bá ń ti irin wọlé, a lè jẹ́ kí agbára gáàsì dé 20 mmHg, kí ògiri ikùn lè jìnnà sí ìfun àti iṣan ńlá. Lẹ́yìn náà a ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí 12 tàbí 15. Ihò kámẹ́rà jẹ́ mìlímítà 10, méjì tàbí mẹ́ta yòókù jẹ́ 5. Ẹ fi kámẹ́rà wo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gun ògiri ikùn láti inú kí ẹ tó gún ihò ẹ̀gbẹ́. Iṣan yẹn máa ń fara hàn, ẹni tó bá gún un, ìkánjú ló mú un.

Vasopressin, oògùn tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì: ẹyọ 20 nínú mìlílítà 100 omi iyọ̀. Ẹ fa abẹ́rẹ́ padà kí ẹ tó tì í, kó má wọ iṣan. Mìlílítà 20 sí 30 sáàárín ìju àti èèpo rẹ̀ ti tó. Ojú ibẹ̀ á funfun bí ẹ̀kọ. Kí ẹ tó fún un, ẹ pariwo sókè sí akunnilóorun.

Gígé: ẹ gé e jinlẹ̀ tó. Ibí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń ṣìnà. Ẹran ilé-ọmọ pọ́n, ó sì rọ̀. Ìju funfun, ó ń dán, ó le bí rọ́bà. Bí ẹ kò bá tíì rí funfun yẹn, ẹ kò tíì dé ibẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ láti òde èèpo, inú ẹran lẹ wà, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Bí ẹ bá wà lójú ààlà tó tọ́, á yọ bí kóró àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ẹ fi irin onílílọ́ gún ìju náà, ẹ fà á sí apá kan, ẹ sì máa fi irin kejì ti ẹran sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni àwọn iṣan tó ń bọ́ ọ ti máa ń wọlé, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi iná jó, kíún. Ẹ má jó gbogbo kòtò. Ẹran tí iná ti pa kì í lẹ̀, ibẹ̀ ni ilé-ọmọ sì máa ń ya nígbà oyún.

Lẹ́yìn náà ni rírán. Òwú ẹlẹ́gùn-ún nọ́ńbà 0 ló ti mú ìgbésí ayé rọrùn, torí ẹ̀gún ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó yọ padà, a ò sì nílò kókó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kòtò, abẹ́rẹ́ kan sí èkejì bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ fà á le, ẹ padà wá ní ìpele kejì, kí ìpele kẹta sì pa ara òde dé. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kún un, á dì, àpá ibẹ̀ kò sì ní lágbára. Ẹ gé ìrù òwú náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìrù òwú ẹlẹ́gùn-ún tó bá yọ síta lè kọ́ ìfun, kó sì dí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Fún ìju tó bá kan awọ inú, bí èyí ṣe lè kan án, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ti omi aró búlúù wọlé láti ọrùn ilé-ọmọ. Bí ẹ bá rí búlúù nínú kòtò, awọ inú ti ya. Ẹ fi òwú tín-ín-rín 3-0 pa á dé lọ́tọ̀, kí abẹ́rẹ́ má kọjá sínú ihò ilé-ọmọ, kí ẹ tó máa bá ìpele yòókù lọ.

Akunnilóorun

Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ igbe vasopressin yẹn múlẹ̀. Bó bá ṣèèṣì wọ inú iṣan, ẹ̀jẹ̀ á ru lójijì, ọkàn á sì lọ́ra, nígbà míì ọkàn á dúró. Bí a kò bá mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni, a lè rò pé oorun rẹ̀ ló ń fúyẹ́, ká sì fi oògùn tí kò yẹ kún un. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí vasopressin rárá ní tíátà, misoprostol 400 microgram ní wákàtí kan ṣáájú àti tranexamic acid gíráàmù 1 inú iṣan ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára wọn kò tó ti vasopressin.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Àwọn ohun tí kò sí nínú ìwé: sílíńdà gáàsì kejì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kì í ṣe ní stóò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Kámẹ́rà, iná rẹ̀ àti ẹ̀rọ gáàsì gbọ́dọ̀ wà lórí UPS tàbí inverter. Láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé e, ojú dókítà ti fọ́ nìyẹn, nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ilé-ọmọ. Kí ẹ lẹ bébà mọ́ síríǹjì vasopressin, torí ó jọ omi lásán. Lára pátákó, ẹ kọ iye ìju tí síkáànù kà, iye tó ti jáde, àti iye abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kékeré tó bọ́ sábẹ́ ìfun ń jẹ wákàtí kan.

Ọ̀bẹ_Gbangba

Ẹ̀gbọ́n Abẹ_Wẹ́rẹ́, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rírán yẹn pátápátá. Àmọ́ ẹ kò sọ ti ìka. Bí a bá la ikùn, ìka wa ló ń wá ìju tó kéré bí ẹ̀wà, tó sin sínú ògiri, tí ojú kò lè rí. Irin kò mọ nǹkan lára. Ẹ sì jẹ́ ká rántí irú ìju tó ń wá bá wa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé kí obìnrin tó pé ẹni 50 ọdún, ó ju 80 nínú 100 obìnrin dúdú tó ti ní ìju, ti àwọn aláwọ̀ funfun sì súnmọ́ 70. Ti tiwa kì í sábà dá wà, ó lè tó mẹ́wàá, ó lè tó ogún nínú ilé-ọmọ kan. Ta ló fẹ́ fi irin gígùn rán kòtò ogún? Fún irú wọn, mo ń ní kí wọ́n la ikùn lójú ẹsẹ̀, láìtijú.

Abẹ_Wẹ́rẹ́

Òótọ́ nìyẹn, mi ò jiyàn. Kò sí òfin kan tó dúró gbọn-in, àmọ́ bí ìju bá ju mẹ́rin márùn-ún lọ, tàbí tí ọ̀kan bá ti ń kọjá sẹ̀ǹtímítà 10, àǹfààní ihò kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, wákàtí iṣẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀. Àárín wà pẹ̀lú: a lè fi ihò kékeré tú ìju sílẹ̀, ká wá la sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 sókè ibi irun abẹ́, ká gba ibẹ̀ mú un jáde, ká sì fi ọwọ́ rán ògiri. Fún obìnrin ẹni 33 yìí, ìju mẹ́ta péré ni, ihò kékeré bá a mu bí ẹni tó máa ṣe é bá mọ̀ ọ́n rán.

Kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n lè yí padà sí líla ikùn lórí tábìlì. Dókítà tí kò bá fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn, kó wá ẹlòmíràn.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ kú àlàyé. Ìju sẹ̀ǹtímítà 8, ihò mìlímítà 10. Báwo ló ṣe ń jáde? Níbí, àwọn obìnrin ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ìju yẹn.

Ọ̀bẹ_Gbangba

Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, Ìyá Ìbejì. Morcellator ni ẹ̀rọ náà, ó ń rẹ́ ìju sí ọ̀já gbọọrọ tó lè gba ihò jáde. Ní oṣù kẹrin 2014 ni FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ìṣirò wọn nígbà náà ni pé nínú bíi 350 obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí ìju, ọ̀kan ní jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà nínú ohun tí wọ́n pè ní ìju. Àwọn mìíràn ní iye náà kéré sí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò níyàn jíjà nínú ni pé bí ẹ̀rọ bá rẹ́ jẹjẹrẹ káàkiri inú ikùn, ó ti tàn án kálẹ̀. Ní 2020, FDA ní inú àpò ìdènà nìkan ni kí wọ́n ti máa rẹ́ ẹ.

Ìju tí kì í ṣe jẹjẹrẹ gan-an ń fìyà jẹ ènìyàn bó bá tú ká. Ègé tó bá ṣẹ́ kù lè lẹ̀ mọ́ awọ inú ikùn tàbí ìfun, kó rí ẹ̀jẹ̀ mu níbẹ̀, kó sì di ìju mìíràn. Nítorí náà: àpò, kí wọ́n fi omi ṣan inú ikùn, kí wọ́n yí orí obìnrin náà sókè kí omi lè kó ègé wá sísàlẹ̀, kí wọ́n fà á jáde.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró nítorí ọjọ́ orí, tí ìju rẹ̀ sì ń dàgbà, ẹ má gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ ọn.

Àgbẹ̀bí_Òkè

Wọ́n á dá a padà sílé lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ wa ló máa wá bó bá ní ìrora. Kí ni kí a máa wò?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Ìrora èjìká ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta kì í ṣe nǹkan ibi. Gáàsì tó ṣẹ́ kù ló ń yọ awọ tó pààlà ikùn àti àyà lẹ́nu, èjìká sì ni ara ti ń mọ̀ ọ́n. Kó rìn, kó lo paracetamol.

Ohun tí ẹ máa rántí ni pé ẹni tí a gba ihò kékeré ṣiṣẹ́ fún gbọ́dọ̀ máa sàn lójoojúmọ́. Tòní gbọ́dọ̀ dára ju tàná lọ. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó sí i, tí ikùn wú, tó ń bì, tí ara gbóná tàbí tí ọkàn ń sáré, ìfun ló ti lu títí a ó fi rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tó kan ìfun kì í lu ú lójú ẹsẹ̀, ó ń gba ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ibẹ̀ tó jó dànù. Ẹ má fún un ní oògùn ibà kí ẹ sì ní kó máa lọ. Ẹ dá a padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ní ọwọ́ alẹ́ pàápàá. Ìrora ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ibà, ẹ fura sí ọ̀nà ìtọ̀.

Àgbẹ̀bí_Òkè

Ìgbà wo ló lè lóyún? Àti ìrọbí ńkọ́?

Abẹ_Wẹ́rẹ́

Kò gbọ́dọ̀ kéré sí oṣù mẹ́ta, fún kòtò tó jìn tó báyìí, oṣù mẹ́fà ni mo ń sọ. Bí awọ inú ilé-ọmọ bá ya, tàbí tí gbogbo ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígé, iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Àpá ihò kékeré tó wà lára ikùn kì í sọ bí àpá inú ṣe jìn tó, èyí ló sì ń ṣi àwọn àgbẹ̀bí lọ́nà: wọ́n rí ojú ọgbẹ́ mẹ́ta bí èékánná, wọ́n rò pé iṣẹ́ kékeré ni, wọ́n jẹ́ kó rọbí. Ilé-ọmọ lè ya kí ìrọbí tó dé pàápàá, nítorí náà ìrora ikùn líle nínú oyún ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi àgbo wò.

Kí obìnrin náà gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kó tó kúrò ní wọ́dù, kì í ṣe káàdì lásán. Ohun mẹ́rin ni kó wà níbẹ̀: ibi tí ìju wà, ìpele tí wọ́n rán, bóyá awọ inú ya tàbí kò ya, àti ọ̀nà ìbímọ tí wọ́n dámọ̀ràn. Kó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọkọ tàbí àbúrò rẹ̀ kan, torí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò rẹ̀, ó lè má lè sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀bí_Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ń tẹ gbólóhùn awọ inú yẹn mọ́ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ aboyún wa láti ọ̀la.